Káàdì 0% nílùú ọba: bí a ṣe ń jèrè lórí owó báńkì, àti ibi tó ti ń jáni kulẹ̀

Ọmọ_Ìlú_Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Mo gbọ́ pé èèyàn lè gba káàdì kírẹ́dítì tí kò ní èlé fún ọdún kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó máa fi ra gbogbo ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀, kí owó oṣù rẹ̀ sì jókòó sínú àkáǹtì ìfowópamọ́ tó ń mú èlé wá. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iye èrè tó wà níbẹ̀ gan-an, àti ibi tí ewu wà. Owó oṣù mi ń wọlé déédéé, mi ò jẹ gbèsè káàdì kankan, ó sì ku ọdún méjì lórí físà mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun bò fún mi.

Ẹ̀gbọ́n_Oníṣirò

Àbúrò, o káre tí o béèrè kí o tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni ohun tí o gbọ́. Báńkì ń fi 0% fa oníbàárà mọ́ra nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni yóò gbàgbé ọjọ́, tí yóò ná owó náà tán, tí gbèsè á sì ṣì wà lọ́rùn wọn nígbà tí èlé gidi bá dé. Ẹni tó bá fẹ́ jèrè gbọ́dọ̀ ṣe òdìkejì ohun tí báńkì ń retí, láti oṣù kìíní títí dé èyí tó kẹ́yìn.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Wàá gba káàdì tó ní 0% lórí ọjà rírà. Oúnjẹ, epo ọkọ̀, owó bọ́ọ̀sì, aṣọ ọmọ, gbogbo ohun tí o ti ń fi káàdì debit san, òun ni wàá fi san báyìí. Iye tí o bá ná ni wàá yọ kúrò nínú àkáǹtì owó oṣù rẹ sínú àkáǹtì ìfowópamọ́ ọ̀tọ̀, lọ́jọ́ náà gan-an tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀. Má ṣe dúró di òpin oṣù. Owó tó bá ṣì wà nínú àkáǹtì tí o fi ń ná owó, ná ni wàá ná an.

Lóṣooṣù, wàá san iye tó kéré jù tí wọ́n bá béèrè. Ọ̀pọ̀ káàdì ń béèrè 1% gbèsè tó wà nílẹ̀ tàbí £25, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Ka ìwé ti káàdì tìrẹ, nítorí wọn ò rí bákan náà.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní gbèdéke káàdì rẹ jẹ́ £6,000, 0% rẹ̀ jẹ́ oṣù 20, o ń ná £800 lóṣù, àkáǹtì ìfowópamọ́ sì ń san 4% lọ́dún. Lẹ́yìn oṣù méje gbèsè á ti dé nǹkan bí £5,400. Dúró níbẹ̀, má ṣe ná an dé góńgó. Láàárín oṣù méje yẹn, owó tó wà nípamọ́ jẹ́ £2,700 ní ìpíndọ́gba, èlé rẹ̀ á tó £63. Ní oṣù 13 tó kù, owó náà á máa fà sẹ́yìn bí o ṣe ń san 1%, láti £5,400 bọ́ sí nǹkan bí £4,740, èlé ìyẹn á sì sún mọ́ £220. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £280 ó lé díẹ̀.

Wo iye yẹn dáadáa kí o tó tẹ̀ síwájú. Owó gidi ni fún ẹni tí ìnáwó rẹ̀ kò yí padà. Àmọ́ bí káàdì bá mú kí o fi £30 péré kún ìnáwó rẹ lóṣù, láàárín oṣù 20 ìyẹn ti di £600, ó ti jẹ èrè náà lẹ́ẹ̀mejì, ó tún jẹ nínú owó oṣù rẹ. Ẹni tí kò bá tíì lè dúró lórí ìṣètò ìnáwó fún oṣù mẹ́fà pẹ̀lú káàdì debit, kó má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé ìgbà kì í dúró sójú kan. Nígbà tí Bank of England gbé èlé ìpìlẹ̀ wálẹ̀ sí 0.5% ní oṣù kẹta ọdún 2009, àti sí 0.1% ní oṣù kẹta 2020, kò sí èrè kan lórí èyí tó tó bá wàhálà rẹ̀. Nígbà tó gòkè dé 5.25% ní oṣù kẹjọ 2023, èrè padà dé. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìgbà náà, ó dé 4% ní oṣù kẹjọ 2025. Nítorí náà, iye tí àkáǹtì rẹ ń san lónìí ni kí o fi ṣírò, má ṣe gbé ìṣirò ọdún 2023 tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Àdùkẹ́_Kent

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ irú káàdì kún un, torí ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa.

Irú mẹ́ta ló wà. Èkíní ni 0% lórí ọjà rírà, èyí tí ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé. Kò ní owó ìbẹ̀rẹ̀ kankan, òun ló dára jù fún ohun tí a ń sọ. Èkejì ni balance transfer, tí wọ́n fi ń gbé gbèsè káàdì kan lọ sórí òmíràn. Ó sábà máa ń ní owó tí wọ́n ń gé, bíi 3%, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà tí wọn kì í gé nǹkan kan, tí àkókò wọn sì kúrú. Ẹ̀kẹta ni money transfer: káàdì á san owó sínú àkáǹtì rẹ tààrà. Òun ló ń wu ojú jù lọ, nítorí owó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmọ́ wọ́n ń gé bíi 4% lórí rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí: o gba £3,000 nípa money transfer, wọ́n fi 4% kún gbèsè, o di ajigbèsè £3,120. Àkáǹtì ń san 4% lọ́dún. Bí o ṣe ń yọ owó oṣooṣù san nínú rẹ̀, owó tó jókòó níbẹ̀ fún oṣù 12 kò ju £2,830 lọ ní ìpíndọ́gba, èlé rẹ̀ jẹ́ £113. O san £120 láti gba £113. Òfò ni. Bí àkókò 0% bá jẹ́ oṣù 18, èlé á súnmọ́ £165, èrè rẹ á sì jẹ́ £45 fún ọdún kan àbọ̀ tí o fi gbé gbèsè sọ́rùn. Bí ẹnikẹ́ni bá mú money transfer wá bá ọ, ìdá tí wọ́n ń gé ni kí o kọ́kọ́ wò, kó o tó wo iye oṣù.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ "up to" nínú ìpolówó. "Up to 24 months" kò túmọ̀ sí pé ìwọ náà á gba oṣù 24. APR (ìdá èlé ọdún kan) tí wọ́n fi ń polówó, 51% àwọn tí wọ́n gbà wọlé péré ló pọn dandan kí wọ́n fún. Àwọn yòókù lè gba oṣù 12 tàbí gbèdéke £900, àkọsílẹ̀ ìbéèrè náà á sì ti wọ fáìlì ìtàn gbèsè wọn.

Nǹkan mẹ́ta tó ń ba 0% jẹ́ jù lọ:

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí àkáǹtì ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí káàdì dé ọwọ́ rẹ, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí o kọ́kọ́ ra nǹkan. Bí káàdì bá pẹ́ ní ojú ọ̀nà, ìwọ lo pàdánù ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Direct Debit (àṣẹ tí báńkì fi ń yọ owó san fúnra rẹ̀ lóṣooṣù) tí o ṣí lè má tíì múlẹ̀ nígbà tí ìsanwó àkọ́kọ́ bá tó. Fi ọwọ́ ara rẹ san ti oṣù kìíní, kó ku ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí o wò ó bóyá Direct Debit ti ń ṣiṣẹ́ ní oṣù kejì. Àìsan lẹ́ẹ̀kan máa ń fa £12, wọ́n sì lè gba 0% lọ́wọ́ rẹ pátápátá. Láti ọjọ́ yẹn, èlé tó lè lé ní 20% á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lórí gbogbo gbèsè náà. £5,000 lórí 24% jẹ́ £100 lóṣù. Oṣù mẹ́ta ti gbé èrè oṣù 20 lọ.

Ẹ̀kẹta, lílé gbèdéke kọjá. Owó pẹ́pẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń yọ fún fóònù tàbí fíìmù lè gbé ọ kọjá gbèdéke láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi ní kó o fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀.

Tèmi_Tọ̀pé

Ẹ ṣeun mà. Ìbéèrè kan: ṣé a lè fi káàdì náà fi owó ránṣẹ́ sílé? Mo máa ń fi £200 ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta lóṣooṣù, ìyẹn náà wà lára ìnáwó mi.

Àdùkẹ́_Kent

Rárá o, àbúrò mi. Fífi owó ránṣẹ́ láti inú áàpù, ọ̀pọ̀ báńkì ń kà á sí gbígba owó lọ́wọ́ káàdì, bí ẹni fa owó jáde ní ATM. 0% ọjà rírà kò bo ìyẹn. Wọ́n á gé nǹkan bí 3%, èlé á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Owó crypto àti pípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sábà máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Fífa owó jáde pẹ̀lú káàdì tún máa ń hàn nínú fáìlì rẹ, àwọn ayánilówó sì ń kà á sí àmì pé owó ti tán lọ́wọ́ ẹni. Debit ni kó o máa fi ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Kó o sì yọ £200 yẹn kúrò nínú ìṣirò káàdì rẹ.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wọ káàdì, san án kíákíá. Láti ọdún 2011, ìlànà ní kí owó tí o bá san kọ́kọ́ lọ sí apá gbèsè tí èlé rẹ̀ ga jù, nítorí náà yóò pa iná yẹn kó tó kan apá 0%.

Bàbá_Fáìlì

Àbúrò Leeds, ọ̀rọ̀ rẹ kan mi, nítorí físà tí o dárúkọ. Kí o tó béèrè káàdì kankan, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́jú ìtàn gbèsè rẹ níbí: Experian, Equifax, TransUnion. Gba ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀fẹ́ ni òfin ní kí wọ́n fún ọ. Wo bóyá àdírẹ́sì rẹ bá ara mu nínú wọn, bóyá orúkọ rẹ kò yí. Àwa tí orúkọ wa gùn, tí ibì kan kọ Olúwatọ́misìn, tí ibòmíràn kọ Tómi, a máa ń bá fáìlì tó pín sí méjì pàdé. Kọ̀wé sí wọn kí wọ́n dà á pọ̀.

Lẹ́yìn náà, forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa kò mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbí pẹ̀lú físà tó tọ́ lè forúkọ sílẹ̀, nítorí Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Àwọn ará wa láti Bẹ̀nẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ yìí, torí orílẹ̀-èdè wọn kò sí nínú rẹ̀. Ìwé orúkọ olùdìbò ni báńkì fi ń mọ̀ pé ibi tí o sọ pé ò ń gbé lo ń gbé lóòótọ́, ó sì máa ń gbé máàkì rẹ sókè láìná kọ́bọ̀.

Lo àyẹ̀wò tí kì í hàn sí àwọn mìíràn, tí wọ́n ń pè ní eligibility checker. Ó á sọ fún ọ ìdá tó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà ọ́, àwọn mìíràn á tilẹ̀ sọ gbèdéke àti iye oṣù gan-an. Káàdì kan ṣoṣo ni kó o béèrè. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, má ṣe sáré lọ sí òmíràn lọ́jọ́ kejì. Ìbéèrè gidi kọ̀ọ̀kan máa ń hàn fún ọdún kan, bí wọ́n bá sì tò tẹ̀lé ara wọn, ó máa ń jọ ti ẹni tí ebi owó ń pa. Àìsan gbèsè tirẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Nípa físà: àwọn báńkì kan máa ń béèrè ìgbà tó kù lórí rẹ̀, àwọn kan kì í béèrè. Mú káàdì tí 0% rẹ̀ á parí ṣáájú físà rẹ. Bí físà ku oṣù 24, má ṣe ju oṣù 18 lọ, kí gbèsè má bàa wà nílẹ̀ nígbà tí o bá ń wá owó ìtúnṣe físà àti owó ìlera tí wọ́n ń gbà pọ̀ mọ́ ọn. Owó ńlá ni ìyẹn. Má ṣe ka owó tó wà nípamọ́ nítorí káàdì mọ́ owó físà, gbèsè ni.

Ọmọ_Ìlú_Leeds

Ẹ ṣé púpọ̀, bàbá. Níbo ni kí n wá tọ́jú owó ọ̀hún sí?

Ẹ̀gbọ́n_Oníṣirò

Èyí gan-an ni ibi tí èrè ti ń yàtọ̀.

Àkáǹtì tí o lè fa owó jáde nínú rẹ̀ nígbàkígbà ni kí púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Yẹra fún àkáǹtì tó ti owó mọ́lẹ̀ fún ọdún méjì nígbà tí 0% rẹ jẹ́ oṣù 20, bó ti wù kí èlé rẹ̀ ga tó. Ṣọ́ ẹ̀bùn oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ náà: ọ̀pọ̀ àkáǹtì ń polówó èlé tí apá kan rẹ̀ á já bọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀.

Ohun tó bá káàdì ọjà rírà mu jù ni regular saver (àkáǹtì tí a ń fi iye kan sí lóṣooṣù), nítorí owó tìrẹ náà ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Èlé rẹ̀ sábà máa ń ga ju ti àkáǹtì lásán lọ, àmọ́ gbèdéke wà lórí iye tí o lè fi sí i. Má ṣe jẹ́ kí 7% tàn ọ́ jẹ: £250 lóṣù fún oṣù 12 lórí 7% kì í mú £210 wá. Owó oṣù kìíní nìkan ló jókòó fún ọdún kan gbáko, ti oṣù kejìlá jókòó fún oṣù kan péré. Èlé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí £114. Ó ṣì dára ju 4% lọ. Sọ £250 síbẹ̀, kí ìyókù £800 lọ sínú àkáǹtì lásán.

Owó orí: ẹni tó ń san owó orí 20% lè gba £1,000 èlé lọ́dún láìsan owó orí lórí rẹ̀, ẹni tó ń san 40% ní £500, ẹni tó wà ní ìpele tó ga jù kò ní nǹkan kan. Lórí 4%, £25,000 ló ń mú £1,000 wá. Àmọ́ rántí pé owó ìpamọ́ tìrẹ gan-an náà wà nínú kíkà yẹn. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ pọ̀, tí ó sì ti ní £12,500 nípamọ́, gbogbo èlé owó káàdì rẹ̀ á jẹ owó orí 40%, èrè £280 á di £168. ISA, irú àkáǹtì ìfowópamọ́ kan, ni ọ̀nà àbáyọ fún un, kò sí owó orí nínú rẹ̀, £20,000 sì ni gbèdéke ọdún kan. Bí o bá fẹ́ máa fa owó jáde kí o sì máa dá a padà, rí i pé ISA náà jẹ́ "flexible", àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àyè tí o lò kò ní padà wá.

Ẹni tó ní offset mortgage (gbèsè ilé tí wọ́n ń yọ owó ìpamọ́ kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò èlé) lè fi owó náà síbẹ̀, kó máa dín èlé ilé kù. Owó orí kò kan ìyẹn rárá.

Kí báńkì tí o fi owó sí wà lábẹ́ FSCS, ètò tó ń dá owó oníbàárà padà bí báńkì bá wó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 2025, £120,000 ni wọ́n ń dáàbò bò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báńkì kọ̀ọ̀kan, £85,000 ni tẹ́lẹ̀.

Ìyá_Olóyè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí, ó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba. Bí owó ìpamọ́ bá ju £6,000 lọ, wọ́n á máa gé £4.35 lóṣù fún £250 kọ̀ọ̀kan tó lé. Bó bá ju £16,000 lọ, owó náà á dúró. Iye tó wà nínú àkáǹtì ni wọ́n ń wò, wọn kì í sábà yọ gbèsè káàdì kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó ní £4,000 tirẹ̀, tó wá fi £5,000 owó káàdì kún un, ti ní £9,000 lójú wọn. £3,000 tó lé jẹ́ £250 lọ́nà méjìlá, wọ́n á gé £52.20 lóṣù. Èlé £5,000 lórí 4% kò tó £17 lóṣù. Ẹ má ṣe é rárá. Tọkọtaya tó jọ ń gbà á, àpapọ̀ owó àwọn méjèèjì ni wọ́n ń kà.

Alhaji_Luton

Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin ará. Fún àwa Mùsùlùmí, apá méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ síta. Owó tí báńkì ń san lórí owó ìpamọ́ jẹ́ ribà, èlé tí ẹ̀sìn wa kọ̀. Káàdì náà, bí o tilẹ̀ san án tán kí èlé tó dé, inú àdéhùn rẹ̀ ni o ti fọwọ́ sí i pé wàá san èlé bí o bá pẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń kọ̀ nìyẹn. Al Rayan Bank àti Gatehouse Bank wà níbí tí wọ́n ń pín èrè òwò fún oníbàárà dípò èlé, wọ́n sì wà lábẹ́ FSCS. Àmọ́ ìyẹn yanjú apá owó ìpamọ́ nìkan. Nípa káàdì, kí oníkálukú lọ bá ààfáà tó mọ ọ̀rọ̀ òwò dáadáa, kí ó mú ìwé àdéhùn náà dání.

Ẹ̀gbọ́n_Oníṣirò

Wa àlékùm sàlámù, Alhaji. Ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́ ni.

Dúdú_Peckham

Kí ló dé tí a ò lè fi owó káàdì dá àjọ? Tàbí ká yí i sí náírà, ká fi ra treasury bills (ìwé gbèsè ìjọba) nílé? Èlé ibẹ̀ ju 4% lọ fíìfíì.

Ẹ̀gbọ́n_Oníṣirò

Àjọ kì í bí sí i. £500 lóṣù fún oṣù mẹ́wàá, £5,000 náà lo máa kó. Bí o bá kó o lọ́wọ́ àkọ́kọ́, o lè fi sínú àkáǹtì kó mú èlé díẹ̀ wá, àmọ́ bí ọwọ́ rẹ bá bọ́ sí ìkẹyìn, owó rẹ ló wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìsí FSCS, gbèsè káàdì sì ń dúró dè ọ́. Owó tìrẹ ni kó o fi dá àjọ.

Ti náírà ló léwu jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n dárúkọ níbí. Pọ́n-ùn lo jẹ, pọ́n-ùn lo máa san. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦480 ní ọjà ìjọba. Nígbà tó di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Bí o bá yí £5,000 padà, tí o gba 20% lọ́dún, tí náírà sì já wálẹ̀ ní 30% péré sí pọ́n-ùn, £4,200 ló máa padà sọ́wọ́ rẹ, láìtíì ka owó tí wọ́n gé nígbà tí o yí i lọ àti nígbà tí o yí i bọ̀. £800 ti lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọ ibi tí náírà máa wà ní oṣù 20 sí òní. Ẹni tó bá fẹ́ ra treasury bills nílé, owó tó jẹ́ tirẹ̀, tí kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ni kó fi rà á.

Ìlànà náà kò ju èyí lọ: owó káàdì kò gbọ́dọ̀ lọ sí ibi tó ti lè dín, títí kan owó ìdókòwò ní ọjà ìpín.

Houston_Bọ̀dé

Ọ̀rọ̀ tiwa ní Amẹ́ríkà jọ èyí, àmọ́ ó ní ìyàtọ̀. Káàdì 0% APR wà níbí, gbígbé gbèsè sì sábà máa ń gba 3% sí 5%. Kò sí àyè £1,000 tí owó orí kò kàn níbí. Gbogbo èlé ni IRS, àjọ owó orí, ń ka mọ́ owó tó wọlé fún ọ, báńkì á sì fi fọ́ọ̀mù 1099-INT ránṣẹ́ bó bá ti tó $10. FDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó ní báńkì, ń bo $250,000.

Ẹ ṣọ́ra fún káàdì ilé ìtajà tó ní "no interest if paid in full". Kì í ṣe 0% gidi. Bí $1 bá ṣẹ́kù lọ́jọ́ tó parí, gbogbo èlé láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n á kó lé ọ lórí. Ó tún wà pé máàkì gbèsè wa níbí máa ń já wálẹ̀ kíákíá bí gbèsè bá ti sún mọ́ gbèdéke káàdì, nítorí náà ẹni tó fẹ́ ra ilé tàbí ọkọ̀ láìpẹ́, kó dúró.

Àdùkẹ́_Kent

Bọ̀dé mẹ́nu kan ilé, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wa. Ayánilówó ilé kì í bìkítà pé owó náà wà nípamọ́. Ó á wo gbèsè £5,000, á kà á sí owó kan tí ò ń san lóṣooṣù, á sì dín iye tó lè yá ọ kù. Ẹni tó fẹ́ béèrè mortgage, kó san káàdì náà tán ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fi òdo hàn.

Kí n má gbàgbé àǹfààní kan tí káàdì ní yàtọ̀ sí èlé. Section 75 nínú òfin Consumer Credit Act ọdún 1974: ohun tí iye rẹ̀ ju £100 lọ, tí kò sì kọjá £30,000, báńkì káàdì jọ jíhìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó tà á. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó tí o rà tààrà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà wà lára rẹ̀. Bí o bá rà á lọ́wọ́ aṣojú tó wà láàárín, ààbò yẹn lè má múlẹ̀.

Ọmọ_Ìlú_Leeds

Ó yé mi dáadáa. Ìbéèrè tó kù: báwo ni mo ṣe máa jáde nínú rẹ̀? Ṣé kí n san án tán ni, àbí kí n gbé e lọ sórí káàdì mìíràn? Ṣé kí n sì ti káàdì náà pa?

Bàbá_Fáìlì

Kọ ọjọ́ mẹ́ta sórí kàlẹ́ńdà fóònù rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí àkáǹtì: ọjọ́ tí 0% parí, ọjọ́ 60 ṣáájú rẹ̀, àti ọjọ́ 14 ṣáájú rẹ̀. Má ṣe dúró de lẹ́tà báńkì.

Ní ọjọ́ 60, wo bóyá káàdì balance transfer kan wà tí ìṣirò rẹ̀ dára. Ká ní £4,700 ló kù, wọ́n fẹ́ gé 3%, ìyẹn £141, fún oṣù 20 tuntun. Bí owó tó jókòó bá jẹ́ £4,300 ní ìpíndọ́gba lórí 4%, èlé rẹ̀ á tó £287. Èrè £146 ṣì wà. Bí èlé àkáǹtì bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí 2%, £143 péré ló máa wá, o ti ṣiṣẹ́ lásán. Káàdì tuntun kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ báńkì kan náà, wọn kì í gba gbèsè ara wọn. Wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn káàdì náà, nítorí orúkọ méjì lè jẹ́ ti olówó kan. Gbígbé gbèsè lè gba ọjọ́ mélòó kan, máa san ti àtijọ́ lọ títí wọ́n á fi fi òdo hàn. Má sì ṣe fi káàdì balance transfer ra nǹkan, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ pé 0% bo ọjà rírà náà.

Bí ìṣirò bá kọ̀, ní ọjọ́ 14, fa owó jáde, san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tún wo káàdì náà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, bóyá nǹkan kékeré kan ṣẹ́kù.

Bí owó náà bá ti dín ṣáájú ọjọ́ yẹn nítorí àìsàn tàbí iṣẹ́ tó bọ́, má ṣe fi káàdì mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Pe StepChange tàbí National Debtline, àwọn tó ń gba onígbèsè nímọ̀ràn, kíákíá, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn.

Títì í pa: bí kò bá ní owó ọdọọdún, kò sí ìṣòro bó bá wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpèsè 0% tó dára sábà máa ń wà fún oníbàárà tuntun nìkan, ọ̀pọ̀ báńkì sì ń béèrè pé kí o ti kúrò lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan kí wọ́n tó kà ọ́ sí tuntun. Nítorí náà, bó o bá fẹ́ padà sọ́dọ̀ wọn, tì í pa ní ọ̀sẹ̀ tó o bá san án tán, gba ìwé tó fi hàn pé ó ti kú, kó o sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.